Ẹ̀kọ́ tí mo ń tà ti ń sú àwọn tó ń rà á: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lágéré níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní aṣọ gígé àti aṣọ rírán. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ á máa sanwó lóṣooṣù, ìkànnì á sì ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn kan wà ní Òṣogbo àti Ìléṣà, àwọn kan wà ní London, ẹnì kan tiẹ̀ wà ní Houston.

Ohun tí wọ́n ń rí gbà nìyí: fídíò mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìwé àpẹẹrẹ tí wọ́n lè tẹ̀ jáde, kíláàsì alẹ́ Sọ́ńdè tí gbogbo wa ti ń ríra, àti ẹgbẹ́ WhatsApp fún ìbéèrè. Bí mo ṣe ń fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dákẹ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́, tí mo bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò ní sọ pé ẹ̀kọ́ ò dáa. Ohun tí á sọ ni pé, "Àǹtí, ó ti gun orí ara wọn, n ó padà wá tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀." Ọwọ́ ta ló ń dilẹ̀ láyé tí a wà yìí?

Ṣé kí n dín in kù ni? Tí mo bá sì dín in kù ńkọ́, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ń gba owó wọn lásán?

Ọmọ Ọbòkun (Ìléṣà)

Ẹ má dín nǹkan kan kù o. Owó la fi ra á. Èmi kì í wo ìdajì àwọn ìkànnì tí mo ń sanwó fún lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ kí wọ́n dán an wò kí wọ́n yọ ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n á gbóhùn mi láti Ìṣọ́kùn dé Òṣogbo.

Ìyá Ìbejì Ìlódè

Ọmọ Ọbòkun, tẹlifíṣọ̀n kì í fún èèyàn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Tí o kò bá wo bọ́ọ̀lù àná, ó ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ẹ̀kọ́ tí o kò kọ́ ń dúró dè ọ́ ni.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ àwa tí à ń sanwó. Mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kéèkì ṣíṣe ni wọ́n ń kọ́ wa. Àwọn ọmọ á ti sùn, iná á ti lọ, bátìrì fóònù mi á ku bíńtín. Mo ṣí ìkànnì yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ ni nọ́ńbà pupa kan lókè, iye ẹ̀kọ́ tí n kò tíì wò. Lábẹ́ rẹ̀: "Tuntun!" "Tuntun!" "Má jẹ́ kí èyí fo ọ́ o!" Èwo ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀? Kí n tó mú ọ̀kan, oorun ti dé. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà yẹn ti lé sí i. Nígbà tó yá, mi ò wulẹ̀ ṣí i mọ́, torí gbèsè ni mo kà á sí, ta ló sì ń jí gbèsè yẹ̀ wò lóru? Ẹ̀kọ́ wọn dáa o, ọ̀gá yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Àmọ́ bí mo bá ti rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù báyìí, àyà mi á já.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí n wọlé, kí wọ́n sọ fún mi pé ọ̀sẹ̀ yìí, nǹkan kan ṣoṣo yìí ni. Kí wọ́n bá mi gbé nọ́ńbà pupa yẹn kúrò. Kí ẹnì kan sì là á mọ́lẹ̀ fún mi pé tí n kò bá wá fún odindi oṣù kan, kò sóhun tó bàjẹ́, ibi tí mo bá a dé ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìyẹn gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ yín.

Ọmọ Ọbòkun (Ìléṣà)

Ó dáa, ti iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn, ẹ ti mú mi. Àmọ́ mi ò tíì gbà tán.

Bàbá Tíṣà (Ìrèmọ, Ilé-Ifẹ̀)

Aránṣọ, ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè kan ni mo ní fún ọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ lónìí, ṣé agbádá lo máa ń gbé lé e lọ́wọ́? Á kọ́kọ́ máa lọ aṣọ, á máa rán bọ́tìnì, á máa ṣẹ́tí ìró oníbàárà títí, kí o tó jẹ́ kó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. N kò tíì gbọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ní ọ̀gá òun rẹ́ òun jẹ nítorí ìyẹn. Ó mọ̀ pé ọjọ́ fíríìdọ́ọ̀mù ń bọ̀, ó sì ń rí ọ̀nà tí òun yóò gbà débẹ̀, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ tó ń wò wọ́n. Kí ló wá dé tí o fi da gbogbo ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ gbàgìrà fún àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus fi orí ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1885. Àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ ló ń kọ́ sórí, tí ó sì ń padà wá wo iye tó kù lẹ́yìn wákàtí, lẹ́yìn ọjọ́. Ó rí i pé wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìgbàgbé ti ń jà jù. Ó tún rí i pé ẹ̀kọ́ tí èèyàn bá pín sí ọjọ́ mélòó kan máa ń dúró ju èyí tó rọ́ pọ̀ sórí lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Fídíò mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò fi àyè àtúnkọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mú ọrùn bùbá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò pọ̀ jù fún ọrùn bùbá. Kí wọ́n gé e lórí pépà, kí wọ́n gé e lórí àkísà, kí wọ́n sì fi wọ ara wọn lọ́rùn níwájú dígí, kí wọ́n tó kan áńkárá. Ọrùn tó bá ti fẹ̀ jù, ta ni yóò bá wọn mú un padà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà (OAU)

Ẹ ṣé, bàbá. Wọ́n kọ́ wa ní ọ̀kan tó jọ ọ́ ní kíláàsì sáíkọ́lọ́jì. Ní 2000, Sheena Iyengar àti Mark Lepper tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé tábìlì jáàmù kalẹ̀ nínú ilé ìtajà oúnjẹ kan ní California. Nígbà tí oríṣi jáàmù 24 wà lórí rẹ̀, èèyàn púpọ̀ yà síbẹ̀, àmọ́ nǹkan bí 3 nínú 100 àwọn tó yà ló rà. Nígbà tí wọ́n fi 6 síbẹ̀, nǹkan bí 30 nínú 100 ló rà. Torí náà, ẹ dín in kù, mà.

Kọ̀ǹpútà Mọ̀dákẹ́kẹ́

Àbúrò, ka èyí tí àwọn míì kọ lẹ́yìn ìwé yẹn. Ní 2010, Benjamin Scheibehenne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí irú èyí jọ. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, agbára tí pípọ̀ nǹkan ní láti lé oníbàárà sá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Níbòmíì ó ń dí èèyàn lọ́wọ́, níbòmíì ó ń ràn án lọ́wọ́. Iye nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ tún ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì kà. Kò sọ pé ẹ̀kọ́ kéèkì ti pọ̀ jù. Ohun tó sọ ni pé òun ò mọ èyí tí òun máa tẹ̀, àti pé èyí tí òun ò tẹ̀ ń di gbèsè sí òun lọ́rùn. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa kọ́ irú ìkànnì báyìí fún àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti sábà máa ń dàrú. Kàlẹ́ńdà ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé: Mọ́ńdè dé, ẹ̀kọ́ tuntun jáde fún gbogbo ayé. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti January ń bá a bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó sanwó lánàá wọlé, ó bá òkìtì. Ọjọ́ tí oníkálukú wọlé ni kí ẹ máa fi kà á. Ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ló máa rí, kò ní rí òmíì. Tó bá jẹ́ WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, lẹ̀ ń lò, àfikún rẹ̀ kan tó ń jẹ́ MemberPress ní ètò yìí nínú, Paid Memberships Pro náà ní àfikún tó ń ṣe é. Tí ẹ bá sì fẹ́ tèmi gan-an, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ nìkan ṣí ẹ̀kọ́ tó kàn. Kí òun fúnra rẹ̀ tẹ "mo ti ṣe é" ni. Ẹni tó yá, á yá. Ẹni tó ń rọra bọ̀, kò sí nọ́ńbà tó máa fi í ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin náà á sinmi níbẹ̀ o. Ẹ̀kọ́ ọrùn bùbá tí ẹ bá ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ ṣì máa lò ó. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún yín pé dandan ni fídíò mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni dátà. Ní January 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lè fi tó 50% kún owó wọn, ẹni tó wà nílé níbí sì ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ fídíò gígùn. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ dípò rẹ̀. Tí ẹ bá gbà á sílẹ̀ ní 64 kbps, ìwọ̀n tí kì í jẹ dátà púpọ̀, ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó 5 MB. Ẹ fi fọ́tò mẹ́rin márùn-ún tí ẹ ti fún pọ̀ tì í. Kí fídíò wà fún ibi tí ojú ti gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ nìkan, bí ibi tí àlùmọ́gàjí ti ń yí ọrùn aṣọ po, kó má sì ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ.

Ti ẹgbẹ́ WhatsApp, n kò fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun tí wọ́n sanwó fún. Gbogbo wọn ń rí nọ́ńbà fóònù ara wọn, "ẹ káàárọ̀" àti àdúrà ọjọ́ tuntun á sì bo ìbéèrè mọ́lẹ̀ kí ẹ tó jí. Ẹ lo WhatsApp Channel fún ìkéde, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà. Láti 2023 ló ti wà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e kì í rí nọ́ńbà ara wọn, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi èsì dí ẹlòmíì létí. Àmọ́ ẹ má gbé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ síbẹ̀ o, gbangba ni.

Alábòójútó

A ti yọ ìpolówó "ẹ̀rọ ìránṣọ olówó pọ́ọ́kú" tí ẹnì kan gbé síbí kúrò. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọmọ Ifẹ̀ ní Peckham

Ẹ kú àjọ̀dún ọ̀rọ̀ o. Èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ àǹtí, àmọ́ mo wà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ kan tó ń ṣe kíláàsì lálẹ́ Sọ́ńdè bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ rántí pé aago tiwa ń yí, ti Nàìjíríà kì í yí. Aago mẹ́jọ alẹ́ yín, aago méje ni lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù, aago mẹ́jọ ni nígbà ooru. Ti ẹni Houston yín tilẹ̀ tún yàtọ̀: ọ̀sán gangan ni, aago kan nígbà òtútù, aago méjì nígbà ooru. Ó ṣeé ṣe kí ó máa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò yẹn.

Tí wọ́n bá wá gba kíláàsì sílẹ̀, wákàtí méjì ni wọ́n máa gbé síta bó ṣe wà, tí ìṣẹ́jú ogún àkọ́kọ́ jẹ́ "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" "Bọ̀dá, ẹ pa máìkì yín." Mi ò wò ó. Ẹ gé e sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ìbéèrè yẹn ṣe orúkọ rẹ̀: "Kí ló dé tí apá bùbá mi ń fà lábẹ́ abíyá?" Ìyẹn, màá tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé kíláàsì náà kì í ṣe dandan. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ohun tó ń lé wa jáde jù ni kí wọ́n máa bi wá pé níbo la wà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Aránṣọ Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

"Bọ̀dá, ẹ pa máìkì yín." Ṣé ẹ ti wọ kíláàsì mi rí ni?

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn kan wà tí ebi ẹ̀kọ́ ń pa, wọ́n máa ń jẹ gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n á sì máa bèèrè òmíì. Wọn ò pọ̀, àmọ́ àwọn ló máa ń pariwo jù. Kí ni mo máa ṣe fún wọn? Ekejì, àwọn tí owó wọn ṣì ń wọlé tí wọn kì í yọjú mọ́: ṣé kí n kàn wọ́n lára ni àbí kí n dákẹ́?

Ọmọ Ọbòkun (Ìléṣà)

Ẹni tó ń sùn tó sì ń sanwó, kí lẹ fẹ́ jí i fún?

Òṣómàáló Ayéṣọ (Ìléṣà)

Bọ̀dá Ọbòkun, ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́kíṣẹ́. Èmi náà Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹ sì mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Àwọn bàbá wa á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ á fi pé. Àmọ́ aṣọ yẹn, oníbàárà ti gbà á, ó ti wọ̀ ọ́ lọ òde. Ẹni tí kò yọjú láti ìgbà yìí, kí ló rí gbà?

Òwò ni mo ń bá a wò, mi ò wàásù. Ètò tí Paystack àtàwọn bíi tirẹ̀ fi ń yọ owó lórí káàdì lóṣooṣù kò ní bi í kó tó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kan tí nǹkan bá fún un, á wo ìwé báńkì rẹ̀, á rí i pé wọ́n ti ń yọ owó ẹ̀kọ́ aṣọ tí kò fojú kàn. Kò ní rántí pé òun ni òun ò wá. Orúkọ yín ni yóò máa pè láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, irú ẹ̀kọ́ yìí sì rèé, ẹnu ọ̀rẹ́ ló ń tà á.

Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ tèmi: ẹni tí kò wọlé fún oṣù méjì, mo kọ̀wé sí i, ìlà mẹ́ta péré. "A ò rí yín. Ṣé kí a dá owó dúró títí ẹ ó fi padà dé? Ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé ṣì wà níbẹ̀." Kí ó má ní "ẹ ti pàdánù ẹ̀kọ́ báyìí báyìí" nínú rárá. Kí bọ́tìnì ìdádúró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì ìjáwọ́, kó tóbi jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ jáwọ́, ìsinmi lásán ni wọ́n ń wá, wọn ò rí ilẹ̀kùn míì gbà jáde ni. Ẹni tí ẹ bá dá owó rẹ̀ dúró á padà wá. Ẹni tó bá fi ìbínú jáwọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Ọmọ Ọbòkun (Ìléṣà)

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ojú mi ti là.

Bàbá Tíṣà (Ìrèmọ, Ilé-Ifẹ̀)

Ti àwọn tí ebi ẹ̀kọ́ ń pa. Má fi ìyára wọn ṣe òdiwọ̀n fún ìyókù, torí ariwo wọn ló tì ọ́ débi fídíò mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí mo bá mọ ọ́n wò. Kó gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ rẹ sí ibì kan bí ilé ìkàwé, ẹni tó bá fẹ́ á lọ wá a, kò ní yọ sí ẹni tí kò wá a. Lẹ́yìn náà, sọ wọ́n di ọmọ iṣẹ́ àgbà. Ẹni tuntun bi ìbéèrè lórí ọrùn bùbá, kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn, kí ìwọ wá ṣàtúnṣe. Ẹni tó ń ṣàlàyé fún ẹlòmíì yóò rí i pé òun fúnra òun kò mọ ọ́n tó bí òun ṣe rò. Ìyẹn á dín eré wọn kù díẹ̀.

Aránṣọ Lágéré (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ti kọ èyí tó máa wà lójú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí kò ju ọrùn bùbá lọ. Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fọ́tò mẹ́rin, fídíò kékeré kan. Pépà, téèpù àti àlùmọ́gàjí lẹ máa lò, ẹ má tíì fọwọ́ kan áńkárá. Ẹ gbìyànjú kí ẹ parí rẹ̀ kí Sọ́ńdè tó dé, kí ẹ má baà gbẹ́yìn. Tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ tẹ 'mo ti ṣe é'. Tí ọwọ́ yín bá dí, ẹ tẹ 'ẹ dúró dè mí'."

Ìyá Ìbejì Ìlódè

Ó dùn mọ́ mi, àǹtí. Àmọ́ ẹ yọ "kí ẹ má baà gbẹ́yìn" kúrò, àti ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè yẹn. Nọ́ńbà pupa ló ń gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé yẹn.

Ọmọ Ọbòkun (Ìléṣà)

Ẹ fi kún un pé kí wọ́n ya fọ́tò ọrùn tí wọ́n gé ránṣẹ́. Èyí tó bá wọ́ jù, a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kejì.

Kọ̀ǹpútà Mọ̀dákẹ́kẹ́

"Ẹ dúró dè mí" yẹn gbọ́dọ̀ dá owó dúró pẹ̀lú o, kó má jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nìkan ló dúró. Tí ẹ bá ti gbé e sórí ìkànnì, ẹ fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, n ó dán an wò lórí fóònù kékeré kí ẹ tó ṣí i fún wọn.